Akọni, Olókìkí, àti Ẹni tí ó Ṣe Iṣẹ́ Ribiribi

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, a kì í pe gbogbo ẹni ńlá ní akọni. Akọni ni ẹni tí ó kojú ewu tí kò sá, bí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà nínú ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Olókìkí ni ẹni tí orúkọ rẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n olè pàápàá a máa lókìkí. Iṣẹ́ ribiribi ni èyí tí ó ń ṣe ará ẹ̀yìn ní àǹfààní. A kó Àjàyí Crowther lẹ́rú ní 1821; ní 1843 a tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ. Ó kú ní 1891, ṣùgbọ́n Bíbélì tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ kò bá a kú. Ǹjẹ́ èwo nínú mẹ́ta yìí ni a ń lépa?