Gàárì àti Agbàtẹ̀: Orúkọ fún Ohun Tó Wà Nínú Gìtá

Ó ń bí mi nínú tí mo bá rí "ẹ̀rọ tí a fi ń gba ìró okùn gìtá sínú áńpù" níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo wà. Àlàyé nìyẹn, kì í ṣe orúkọ.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ títún gìtá ṣe kò le rárá. Ọrùn ni ọrùn, okùn ni okùn. Irin tí a ń lọ́ kí ọrùn má baà tẹ̀ kọjá ààlà, irin ọrùn ni. Gìtá àti férẹ́ẹ̀tì ti di tiwa, kí wọ́n máa jókòó lọ. Igbe han-an tí áńpù ń ké nígbà tí ohùn rẹ̀ bá padà wọ inú ihò gìtá, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìhan. Mi ò ní jà sí ìyẹn.

Ibi egungun tẹ́ẹ́rẹ́ tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbára lé nídìí gìtá ni ìjà wà. Àwọn kan ní afárá. Ṣùgbọ́n pákó tí egungun náà wọ inú rẹ̀ ni afárá. Gàárì ni mo fara mọ́: ohun tó ń gba ìwúwo ẹni tó gùn ún, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ẹṣin. Iṣẹ́ rẹ̀ gan-an nìyẹn nínú gìtá.

Kí la wá máa pe ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ gàárì, tó ń fi ìró okùn ránṣẹ́ sí áńpù? Wọ́n ní "agbohùn", nítorí agbohùnsílẹ̀: a, gbà, ohùn. Ó dára fún ohun tó ń gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́. Èyí kì í gbóhùn. Ìtẹ̀ ló ń gbà, ló sì ń sọ ọ́ di iná, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Jacques àti Pierre Curie ṣe rí i lára òkúta dídán ní ọdún 1880. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí "tẹ̀" náà ni wọ́n fi sọ ìyípadà yìí lórúkọ. Nítorí náà, agbàtẹ̀.

Ẹnìkan lè wí pé ó jọ alágbàtà àti alágbàtọ́, bí ẹni pé ó gbà, ó sì tún tẹ̀. Rárá o. Nínú àwọn yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló tẹ̀lé ara wọn: gbà àti tà, gbà àti tọ́. Tiwa jẹ́ gbà àti ìtẹ̀, a pa "ì" jẹ, bí a ṣe pa á jẹ nígbà tí "gba ìmọ̀ràn" di gbàmọ̀ràn.

Orúkọ yìí ń darí ọwọ́ ẹni tó ń tún gìtá ṣe. Bí ohùn okùn kan bá lọ sílẹ̀ nínú áńpù, tí márùn-ún yòókù ń dún ketekete, ìsàlẹ̀ gàárì ni kó kọ́kọ́ wò bóyá ó tẹ́jú, nítorí ibi tí kò bá kan agbàtẹ̀ dáadáa kò ní tẹ̀ ẹ́. Bó bá rẹ́ mìlímítà 1 kúrò lára gàárì, okùn yóò fi ìdajì mìlímítà lọ sílẹ̀ ní férẹ́ẹ̀tì kejìlá. Ìka yóò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n okùn kò ní tẹ gàárì mọ́lẹ̀ tó ti tẹ́lẹ̀, ohùn á sì tín-ín-rín.