Bí Ìmọ̀ nípa Ọjọ́ Ogbó Ṣe Di Ẹ̀kọ́ Ọ̀mọ̀wé

Ọdún 1903 ni Élie Metchnikoff, onímọ̀ nípa ohun ẹlẹ́mìí tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, sọ ìmọ̀ nípa ọjọ́ ogbó ní gerontology. Orúkọ tètè dé. Ilé tí yóò gbà á ni kò tètè dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni tó bá fẹ́ gboyè ọ̀mọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ arúgbó ní láti sá sábẹ́ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Ẹni kan ń wo sẹ́ẹ̀lì, ẹni kejì ń wo iyè, ẹni kẹta ń wo ẹbí àti owó ìfẹ̀yìntì. Arúgbó fúnra rẹ̀ kò ní ẹni tó wò ó lódindi.

Ní Amẹ́ríkà, ìjọba dá National Institute on Aging sílẹ̀ ní 1974. Ní 1975, University of Southern California dá ilé-ẹ̀kọ́ Leonard Davis School of Gerontology sílẹ̀, James Birren, onímọ̀ ìrònú òun ìhùwàsí, sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní 1989 ni ètò oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ọdún 86 lẹ́yìn tí Metchnikoff sọ ọ́ lórúkọ.

Ìdí tí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì hàn kedere nínú ìwádìí tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Indiana University jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Wọ́n fi àwọn àgbà Yorùbá tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìdíkàn, Ìbàdàn, wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis. B. O. Ọ̀ṣuntókun àti Adéṣọlá Ògúnníyì, àwọn oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ náà ní Ìbàdàn. Hugh Hendrie, oníṣègùn àrùn ọkàn òun ìrònú, ni aṣáájú ní Indiana.

Ìdíwọ́ àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ìṣègùn rárá. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn kò rí ilé-ìwé lọ. Ìdánwò tó bá ní kí ìyá àgbà kàwé tàbí kó kọ̀wé yóò pe aláìkàwé ní ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Bákan náà, bí iyè bá ra lóòótọ́, ẹbí lè sọ pé ìyá ń ṣarán ni, kí wọ́n kà á sí iṣẹ́ ọjọ́ orí, kí wọ́n má sì gbé e dé ilé-ìwòsàn. Nítorí náà ni wọ́n fi lo CSI-D, ìbéèrè tí wọ́n ti kọ́kọ́ lò láàrin àwọn ará Cree ní Kánádà. Wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Lẹ́yìn tí wọ́n bá bi àgbà léèrè, wọ́n á tún bi ẹbí rẹ̀ bó ṣe ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀. Báyìí ni ìmọ̀ èdè àti ìmọ̀ ìgbé-ayé ẹbí ṣe wọ inú iṣẹ́ oníṣègùn.

Èsì ọdún 1995 fi hàn pé 2.29% àwọn àgbà Ìbàdàn ló ní àrùn ìrayè. Ní Indianapolis, iye náà jẹ́ 4.82% láàrin àwọn tó ń gbé inú ilé ara wọn, ó sì di 8.24% nígbà tí wọ́n ka àwọn tó wà ní ilé ìtọ́jú arúgbó mọ́ wọn. Èsì ọdún 2001 fi hàn pé àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.35% ní Ìbàdàn àti 3.24% ní Indianapolis.

Kí ló fa ìyàtọ̀ náà? Jíìnì APOE ε4, tí a mọ̀ mọ́ àrùn Alzheimer níbòmíràn, kò fi agbára kan náà hàn láàrin àwọn Yorùbá. Ìbéèrè náà wá kan oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìgbé-ayé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: onímọ̀ jíìnì nìkan kò lè dáhùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni onímọ̀ àwùjọ nìkan kò lè dáhùn rẹ̀.

Ní 2012, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ṣí ní UCH, Ìbàdàn. Ibi ìtọ́jú ti wà. Àmọ́ ẹni tí yóò ṣe ìwádìí níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ, kó sì mọ ohun tí ọmọ ní lọ́kàn nígbà tó bá ní ìyá òun ń ṣarán. Bí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn yé, yóò ka aláìsàn mọ́ àwọn tí ara wọn le.