ÀBÚRÒ SẸ́NÉTỌ̀, Ẹ̀GBỌ́N JÀǸDÙKÚ

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan rèé: bí ẹ̀gbọ́n rẹ, ọmọ ìyá rẹ, bá pààyàn, tí ìjọba ń wá a kiri, tó wá pè ọ́ lórí fóònù, kí lo máa sọ fún un? Má tíì dáhùn o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ilé Bulger fún ọ.

Kì í ṣe àlọ́. Ìlú Boston, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ti wo Brotherhood, eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe láàárín 2006 sí 2008, ti rí ohun tó jọ ọ́: ọ̀kan ń ṣòṣèlú, ọ̀kan ń ṣe jàǹdùkú, ìyá kan náà ló bí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tó ta sílẹ̀ nínú ti Bulger kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ eré.

James ni ẹ̀gbọ́n, ọdún 1929 ni wọ́n bí i. William ni àbúrò, 1934 ni wọ́n bí òun. South Boston ni wọ́n dàgbà sí, láàárín àwọn tálákà tí ìran wọn ti Ireland wá, nínú ilé tí ìjọba kọ́ fún àwọn tí owó ò tó lọ́wọ́ wọn. Apá kan ṣoṣo ni bàbá wọn ní. Jàǹbá ló mú èkejì lọ. Inú ìkòkò dúdú ni ẹ̀kọ funfun ti ń jáde, a gbà. Ṣùgbọ́n ìkòkò kan náà tún lè se ohun tí kò ṣeé fẹnu kàn.

William gbájú mọ́ ìwé. Ó ka òfin ní Boston College, wọ́n sì dìbò yàn án sílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1960. Nígbà tó yá, ó di sẹ́nétọ̀. Láti 1978 títí di 1996, òun ni ààrẹ ilé aṣòfin àgbà ìpínlẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó pẹ́ tó o lórí àga yẹn rí. Bó ṣe kúrò níbẹ̀ ni wọ́n fi í ṣe olórí Yunifásítì Massachusetts.

James ńkọ́? Bánkì ló lọ ń fọ́. Wọ́n rán an lẹ́wọ̀n ní 1956, ó tiẹ̀ dé Alcatraz, ọgbà ẹ̀wọ̀n àárín omi tí gbogbo ayé mọ̀. Ó jáde ní 1965. Torí àwọ̀ irun rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Whitey, orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ ò fẹ́ràn. Nígbà tó yá, òun ló ń darí ẹgbẹ́ ọ̀daràn Winter Hill: wọ́n ń fipá gba owó, wọ́n ń pààyàn.

Ẹ wo bí ayé ṣe rí. Lọ́dọọdún, lásìkò ọdún Patrick Mímọ́, àwọn olóṣèlú ńláńlá máa ń wá jẹun àárọ̀ lọ́dọ̀ William ní South Boston. Á kọrin, á pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ládùúgbò kan náà, àwọn èèyàn ń gbọ̀n bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Báwo ni ọwọ́ òfin ò ṣe tètè tẹ̀ ẹ́? John Connolly, òṣìṣẹ́ FBI tí òun náà dàgbà sí South Boston, ti sọ ọ́ di olófòófó láti 1975. Àṣírí àwọn Mafia ará Italy ló ń tà, Connolly náà sì ń bò ó. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó ń pa èèyàn nítorí òfófó, wọ́n ti kọ orúkọ tiẹ̀ náà sínú fáìlì àwọn olófòófó. Ní ìparí 1994, Connolly ta á lólobó pé wọ́n ń bọ̀ wá mú un, Whitey bá fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1995 ni fóònù dún. Ilé ẹnìkan tó ń bá William ṣiṣẹ́ ni William ti lọ gbà á. Nígbà tí kọ́ọ̀tù bi í ní 2001, kò sẹ́. Ó ní òun ò rọ ẹ̀gbọ́n òun pé kó jọ̀wọ́ ara rẹ̀, torí òun ò rò pé ìyẹn máa ṣe é láǹfààní. Ó ní kì í ṣe dandan fún òun láti bá wọn mú un.

Mi ò lè sáré bú u. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Ta ló fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ fa ọmọ ìyá rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́?

Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2000, wọ́n hú òkú mẹ́ta jáde lẹ́bàá títì kan ní Dorchester, nítòsí South Boston. Wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn náà ní ìyá. Àwọn náà ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, tí fóònù tiwọn ò dún rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ William ti ń ká mi lára. Ó ro ti ọmọ ìyá tirẹ̀, kò ro ti ọmọ ìyá ẹlòmíràn.

Àwọn baba wa kúkú ti sọ ọ́: bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru. Ẹ wo ilé Bulger lóru. Ní 2003, John, àbúrò wọn, òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù tẹ́lẹ̀, lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà torí irọ́ tó pa nítorí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lọ́dún náà, William jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin àpapọ̀, wọ́n ń da ìbéèrè bò ó; Gómìnà Mitt Romney ta kú pé kó lọ, ó sì fi yunifásítì sílẹ̀. Connolly náà ṣẹ̀wọ̀n. Whitey alára, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní Santa Monica, California, lọ́dún 2011, tòun ti ibọn 30 àti owó tó lé ní 800,000 dọ́là tó kó pa mọ́ sínú ògiri. Ní 2013, kọ́ọ̀tù dá a lẹ́bi pé ó lọ́wọ́ nínú ikú èèyàn 11, wọ́n ní kó lo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, wọ́n lù ú pa nínú ẹ̀wọ̀n ní West Virginia. Ẹni ọdún 89 ni.

Ó yá, dáhùn ìbéèrè mi. Tèmi rèé: bí fóònù yẹn bá dún sí mi, màá sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa bọ̀. Ẹ lọ jọ̀wọ́ ara yín. Màá tẹ̀ lé yín dé kọ́ọ̀tù, màá sì máa wá wò yín lẹ́wọ̀n títí ọ̀kan nínú wa á fi kú." Mo gbà pé ìfẹ́ ọmọ ìyá náà nìyẹn. Ìwọ ńkọ́?