Àgbàlá Àwọn Mọ́ńkì àti Àgbàlá Ààfin Wa

Ó lè ya ẹ̀yin ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè nílé lóko lẹ́nu pé a mú ọ̀rọ̀ ilé àwọn mọ́ńkì wọ inú ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa. A kò kọ ọ́ nítorí ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni, ó sì kàn wá.

Àwọn mọ́ńkì ni àwọn ọkùnrin ìjọ Àgùdà tí wọ́n fi ayé sílẹ̀ láti jọ máa gbàdúrà, tí wọn kì í sì í jáde kiri. Benedict Mímọ́, ará Ítálì, ni ó la ìlànà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn ní nǹkan bí 1500 ọdún sẹ́yìn. Ó pàṣẹ pé kí omi, ọlọ, oko ẹ̀fọ́ àti ibi iṣẹ́ wà nínú odi ilé náà, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ìdí láti máa rìn lóde. Ní ọ̀rúndún kẹsàn-án, wọ́n ya àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ kan fún St. Gall ní Switzerland. Àwòrán náà sì wà títí di òní. Àgbàlá onígun mẹ́rin ni ó wà láàrin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí i ká, ilé sì tẹ̀lé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n wo ni a ó fi èyí hàn tí kò ní ní ààfin ni?

Ní 1974, àwọn mọ́ńkì láti Glenstal ní Ireland dé Eke lẹ́bàá Enugu. Ní 1979 wọ́n ṣí lọ sí Ewu ní ilẹ̀ Ẹ̀sán, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí. Ní 1996, iṣẹ́ oògùn ewé àti egbò tí à ń pè ní Pax Herbals bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì gbilẹ̀. Ibi yìí gan-an ni ìṣòro ẹni tí yóò fẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ lójú wà. Aláìsàn ń dé, oníbàárà ń dé, òṣìṣẹ́ ń wọlé, síbẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Bí a bá kàn ń so yàrá mọ́ yàrá, tí a ń lu ògiri láti la ọ̀nà, ilé a gbòòrò, ṣùgbọ́n àgbàlá a di ojú títì.

Àwọn baba wa mọ ọ̀nà àbáyọ. Bí ààfin bá ń gbòòrò, wọn kì í sábà wó àgbàlá àtijọ́. Òmíràn ni wọn ń kọ́ mọ́ ọn lẹ́yìn, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan láàrin méjèèjì. Àlejò kì í kọjá ti ìta. Ìjòyè a wọ èyí tí ó tẹ̀lé e. Ti àwọn olorì, ta ni í yọjú síbẹ̀? Ojú àgbàlá ni ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti omi òjò ti ń wọlé.

Ní nǹkan bí 1912 sí 1916, nígbà tí wọ́n ń tún ààfin Aláayè kọ́, Agbọnbíọfẹ́, agbẹ́gilére ilé Adéṣínà ní Ẹ̀fọ̀n níhìn-ín, gbẹ́ àwọn òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀: jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá ọlọ́mọ lórí ìkúnlẹ̀. Ojú àgbàlá ni a gbẹ́ wọn fún. Bí a bá wó àgbàlá, òpó di igi lásán.

Nínú àwọn agbo-ilé wa, àgbàlá mélòó ni ó ṣẹ́kù? Bulọ́ọ̀kù àti páànù ti gba ipò wọn, àwa tí a wà lẹ́yìn odi ni a sì ń fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n wó wọn. A ń bẹ ẹgbẹ́ kí wọ́n yan ẹni tí yóò wọn àwọn tí ó kù, tí yóò sì ya àwòrán wọn, kí ìpàdé ọdún tí ń bọ̀ tó pé.