Ibase, AlterNex àti Ìmọ̀ Ìlú Lọ́wọ́ Mẹ̀kúnnù Bràsíl

Lásìkò ìjọba ológun ní Bràsíl (1964–1985), ewu ni kí mẹ̀kúnnù béèrè ohun tí ìjọba ń fi owó ìlú ṣe. Herbert de Souza, tí aráàlú ń pè ní Betinho, sá àsálà fún ẹ̀mí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìdáríjì ọdún 1979 ni ó tó padà wálé. Ní 1981, òun, Carlos Afonso àti Marcos Arruda dá Ibase sílẹ̀ ní Rio de Janeiro, kí ìmọ̀ nípa ètò ìlú lè tó àwọn ẹgbẹ́ aráàlú lọ́wọ́.

Inú Ibase ni AlterNex ti jáde ní 1989. Ìlà tẹlifóònù ni wọ́n fi ń dé orí rẹ̀. Èrè kọ́ ni wọ́n torí rẹ̀ dá a. Ìpàdé àgbáyé lórí àyíká ní 1992 ni òkìkí rẹ̀ fi kàn, nígbà tí ó so àwọn ẹgbẹ́ tó péjọ sí Rio mọ́ ìyókù ayé. Síbẹ̀, ọ̀nà lásán ni wáyà: ohun tí Ibase ti kó jọ fún ọdún 8 ni ẹrù tí ó gbé. Ogun ebi ni Betinho kọjú sí ní 1993.