Níbo La Ti Bẹ̀rẹ̀ Sí Í Kà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnìkan bá bi yín pé, "Níbo ni Ìjẹ̀bú-Igbó wà?" kí lẹ ó sọ? Ará Àgọ́-Ìwòyè á ní, "Ẹ̀gbẹ́ wa níbí ni, níhà ìlà-oòrùn." Ará Abigi ní Ogun Waterside á ní, "Òkè lọ́hùn-ún ni, ó jìnnà." Òtítọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni kálukú ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ohun tó wà nídìí ìlà x àti ìlà y tí àwọn ọmọ wa ń yà nílé ìwé nìyẹn.

Ìwé tí René Descartes, ará Faransé, tẹ̀ jáde lọ́dún 1637 ló la ọ̀nà ìṣirò náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí i rárá ni àwọn tó ń ya àwòrán ayé ti ń fi ìbú àti òòró wọn ilẹ̀. Ti ìbú kò le: ìlà tó pín ayé sí méjì ọgbọọgba ni òdo rẹ̀. Òòró ni kò ní ìbẹ̀rẹ̀ tí Ọlọ́run fi lélẹ̀. Faransé ń kà láti Paris, Gẹ̀ẹ́sì ń kà láti Greenwich.

Lọ́dún 1884, orílẹ̀-èdè 25 pàdé ní Washington. Greenwich ló wọlé, torí àwòrán òkun Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń lò. Faransé kò dìbò, ó sì di 1911 kí wọ́n tó fi Paris sílẹ̀. Nínú gbogbo ilẹ̀ adúláwọ̀, Liberia nìkan ló jókòó níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìlà òdo náà gba Tema kọjá ní Ghana!

Nínú ìkà yìí, Ìjẹ̀bú-Igbó wà nítòsí ìbú 7, òòró 4. Bí ẹ bá kọrí sí Abigi, ìbú á máa dín, òòró á máa lé: ó lé ní 50 kìlómítà sí gúúsù, ó sì lé ní 40 sí ìlà-oòrùn.

Láyé àwọn baba wa, pèrègún la fi ń mọ ààlà oko. Ṣùgbọ́n pèrègún lè kú, ọ̀kánjúwà sì lè hú u lóru. Ìgbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, àwọn awọnlẹ̀ fi òpó kan ní Minna, tí wọ́n ń pè ní L40, ṣe ìpìlẹ̀ wíwọn ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀rọ GPS òde òní kò kà láti Minna. Nọ́ńbà kan náà, bí a bá kà á láti ìpìlẹ̀ méjì, ojú ilẹ̀ méjì ló máa tọ́ka sí, àlàfo àárín wọn á sì gba odidi ilé. Ẹjọ́ dé nìyẹn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀, kó má wo nọ́ńbà inú pílánù nìkan. Kó bi awọnlẹ̀ pé, "Níbo lẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà?" Ó yẹ kí ìdáhùn wà lára pílánù náà. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé tẹ́ ẹ ń bèèrè pé kí ni x àti y wúlò fún, ẹ lọ bi ẹni tó pàdánù ilẹ̀ baba rẹ̀ ní kóòtù.