Bí Ọgbọ́n Àjọpín Ṣe Gba Ẹ̀gẹ́ Wa Là

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ wà ní Òkè-Ọya níhìn-ín! Kò sí ilé ọmọ káàárọ̀-oò-jíire tí a ó wọ̀ tí a kò ní bá ike gàrí níbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti ilé dé, gàrí ni a máa ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló mọ̀ pé ìgbà kan wà tí ẹ̀gẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́. Ìtàn bí a ṣe gbà á là ni mo fẹ́ sọ lọ́dún yìí, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa.

Ẹ̀gẹ́ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gúúsù Amẹ́ríkà ni orírun rẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e dé Áfíríkà. Nígbà tí àwọn Àgùdà ti Brazil padà sí Èkó lẹ́yìn oko ẹrú, wọ́n wà lára àwọn tí ó tan ọgbọ́n rírin ẹ̀gẹ́ àti yíyan gàrí kálẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n ẹlòmíràn wà nínú oúnjẹ wa.

ÀRÙN EWÉ

Àrùn kan wà tí eṣinṣin funfun wẹẹrẹ máa ń gbé kiri. Ewé ẹ̀gẹ́ á lọ́, á ní àwọ̀ ìyeyè, iṣu rẹ̀ kò sì ní tóbi. Ní Amani, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Tanzania lónìí, àwọn olùwádìí bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1930 sí i láti fi ẹ̀gẹ́ gba irú ìbátan rẹ̀ inú igbó. Wọn kò fi ohun tí wọ́n rí pamọ́. Láàárín 1950 sí 1960, irúgbìn náà dé Moor Plantation ní Ìbàdàn.

Ní 1967 ni wọ́n dá ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí à ń pè ní IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1971, ọmọ Kòríà kan, Sang Ki Hahn, dé síbẹ̀. Ó mú ẹ̀gẹ́ Moor Plantation àti ti ibòmíràn, ó ń dà wọ́n pọ̀, títí wọ́n fi rí irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn kò lè tètè bá jà, bí TMS 30572. Wọ́n ń fi irúgbìn ránṣẹ́ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn àgbẹ̀ sì ń gé igi rẹ̀ fún ara wọn. Àwọn ará Ìkirè fi oyè Séríkí Àgbẹ̀ dá a lọ́lá.

KÒKÒRÒ FUNFUN

Bí èyí ti ń lọ lọ́wọ́ ni ìyọnu mìíràn dé. Ní 1973, wọ́n rí kòkòrò kan ní Kóńgò, funfun bí ẹni pé a da ìyẹ̀fun sí i lára. Ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ń jẹ ẹ́ níbẹ̀ kò bá a wá. Kí 1980 tó pé, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rántí bí ìyá ìyá mi ṣe dúró ní àárín oko rẹ̀, tí gbogbo orí ẹ̀gẹ́ ti wé jọ bí ẹ̀pá. Kò rí owó ra oògùn apakòkòrò.

Hans Herren, ọmọ Switzerland tó ń ṣiṣẹ́ ní IITA, ní ká lọ wá ọ̀tá kòkòrò náà ní ilé rẹ̀. Ní 1981, Anthony Bellotti ti ilé ìwádìí CIAT ní Colombia rí kòkòrò náà ní Paraguay. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú agbọ́n kan tí kò tóbi ju orí píìnì lọ. Inú kòkòrò náà ló ń yé ẹyin sí. Ọmọ rẹ̀ á sì jẹ ẹ́ láti inú. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti yẹ̀ ẹ́ wò, kó má baà gbé ìyọnu mìíràn wọlé, kí ó tó dé Ìbàdàn. Ní ìparí 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Láti ibẹ̀ ló tàn dé bí orílẹ̀-èdè ọgbọ̀n. Àgbẹ̀ kankan kò san kọ́bọ̀. Ní 1995, Herren gba ẹ̀bùn oúnjẹ àgbáyé. Ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà ni àrùn ewé tó le gan-an kọlu Uganda. Irú ẹ̀gẹ́ Ìbàdàn wà lára ohun tó gbà wọ́n.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

Ẹ kíyè sí i: Tanzania, Kòríà, Switzerland, Colombia, Paraguay, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ìbàdàn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tó mọ̀, ebi ì bá pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Àwa ńkọ́? Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tí gbogbo wa mọ̀ pé ó mọ egbò ibà. Kò kọ́ ọmọ, kò kọ́ aládùúgbò, ó ní àwo ni. Ó kú, ó gbé e lọ. Mélòó nínú àwọn aláró wa, alágbẹ̀dẹ wa àti ìyá aláṣọ òkè ló ń lọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀yìn odi, tí àwọn ọmọ kò sì gbọ́ èdè dáadáa mọ́?

Mo bẹ ẹgbẹ́ wa: ẹ jẹ́ kí a ra ìwé ńlá kan. Ní gbogbo ìpàdé oṣù, kí àgbà kan sọ ohun kan tó mọ̀, kí ọ̀dọ́ kan kọ ọ́ sílẹ̀, kí orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sì wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà fi iṣẹ́ oníṣẹ́ ṣe tirẹ̀. Bí àwọn tó gbà wá lálejò bá fẹ́ kà á, kí a fún wọn. Àwa náà ń jẹ nínú ọgbọ́n wọn.